KỌMÍṢỌ̀N ORÍ FÓÒNÙ: Ọ̀RỌ̀ FÚN ẸNI TÓ ṢẸ̀ṢẸ̀ FẸ́ BẸ̀RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n ráyè wá.

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, àwọn ọmọ wa ló mú un wọlé. Wọ́n ń pè é ní affiliate marketing. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó jáde yunifásítì tí kò tíì ríṣẹ́, ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ọmọ á jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù, á máa tẹ fóònù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá béèrè, á ní iṣẹ́ lòun ń ṣe. Àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àwọn kan ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí àwa ìgbìmọ̀ pinnu láti bá yín sọ ọ́ ni pé, láàrin oṣù méjì, ìyá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ pẹ̀lú ẹkún. Ẹnì kan sọ fún wọn pé òun fẹ́ fi wọ́n sínú affiliate. Wọ́n san owó fọ́ọ̀mù, wọ́n tún ní kí wọ́n mú ènìyàn méjì méjì wá. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè kò lọ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló kó lé wọn lọ́wọ́, owó tó fẹ́ fi ra ẹrù ọdún.

Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ìyá yìí kì í ṣe affiliate rárá. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n jí lò. Ìdí nìyí tí a fi ní ká ṣàlàyé ojúlówó rẹ̀ fún yín, kí ẹ lè dá ayédèrú mọ̀ tó bá kan ìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti mọ̀. Oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ó béèrè léèsì aláwọ̀ ewé, ẹ kò ní. Ṣé ẹ máa ń ní kó máa lọ ni? Rárá o. Ẹ ó ní kó jókòó, ẹ ó ní kí wọ́n ra omi tútù fún un, ẹ ó sáré dé ìsọ̀ kejì, ẹ ó gbé ti ìyá lágbájá wá. Tí ẹ bá tà á tán, ẹ ó san owó onítọ̀hún fún un, ẹ ó mú èrè tiyín. Gbogbo wa là ń ṣe é. Àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń fa oníbàárà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, iṣẹ́ kan náà ni. Ilé iṣẹ́ ní ọjà, ẹ̀yin mọ ènìyàn. Ẹ fi ènìyàn han ilé iṣẹ́, onítọ̀hún rajà, wọ́n fún yín ní kọmíṣọ̀n. Iṣẹ́ alárinà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wà o. Nínú ti fóònù yìí, ẹ kò lè bu owó lé ọjà. Iye tí ilé iṣẹ́ kọ sára rẹ̀ ni oníbàárà máa san, ilé iṣẹ́ náà ni yóò sì sanwó fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Ilé iṣẹ́ ló máa gbé ọjà dé ilé rẹ̀. Àwọn àgbà tó gbọ́ ìtàn àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà, mọ̀ pé wọ́n ń gba aṣọ láwìn, wọ́n ń tà á láwìn fún àwọn ará oko, wọ́n sì ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ẹrù ẹlẹ́rù wà lọ́rùn wọn. Alárinà orí fóònù kò gba ẹrù, kò gbé gbèsè, kò lóṣòó síwájú ilé ẹnikẹ́ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí èrè rẹ̀ fi kéré.

Ẹ ó wá béèrè pé, báwo ni ilé iṣẹ́ ṣe máa mọ̀ pé àwa la mú oníbàárà wá? Tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní líǹkì. Líǹkì yìí ni àdírẹ́sì ọjà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nọ́ńbà tiyín sí i lára, bí ìgbà tí ẹ bá fi báírò kọ orúkọ sára àpò gàrí kó tó wọ mọ́tò, kí tiyín má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá tẹ líǹkì náà, inú ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ náà ló máa yọ sí, kọ̀ǹpútà wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Àmì kékeré kan á tún wà nínú fóònù oníbàárà náà fún ìgbà díẹ̀. Cookie ni àwọn ọmọ ń pè é, kì í ṣe èyí tí a ń jẹ o.

Amazon, ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ìwé ló fi bẹ̀rẹ̀, dá irú ètò yìí sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1996. Ẹni tó ń kọ nípa oúnjẹ sísè lórí íntánẹ́ẹ̀tì á fi líǹkì ìwé oúnjẹ sí abẹ́ ohun tó kọ. Tí ẹni tó kà á bá rà á, òǹkọ̀wé náà á rí tirẹ̀ gbà. Títí di òní ètò náà wà. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ni àmì tiwọn ń lò. Ká ní ènìyàn tẹ líǹkì yín lónìí, kò mú ohunkóhun sínú apẹ̀rẹ̀ orí fóònù rẹ̀, ó ní òun á ronú sí i, ó wá padà lọ rà á fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kọ́bọ̀ kò kàn yín. Àwọn àgbà ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà á yẹ̀bá. Àfi bíi pé wọ́n ti rí affiliate kí wọ́n tó sọ ọ́. Tí oníbàárà bá sì tẹ líǹkì tiyín, tó tún wá tẹ ti ẹlòmíràn kó tó rajà, ẹni tó tẹ tirẹ̀ kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sanwó fún.

Nílé wa níbí, ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Jumia ti ní ètò fún àwọn tó ń fi líǹkì polówó ọjà. Ó sì tún dá èyí tó pè ní JForce sílẹ̀, níbi tí aṣojú ti ń bá ẹni tí kò mọ fóònù tẹ̀ béèrè ọjà, tó sì ń gba kọmíṣọ̀n lórí rẹ̀. Iye kọmíṣọ̀n máa ń yàtọ̀ láti orí ọjà kan sí òmíràn, wọ́n sì máa ń yí i padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jà. Nítorí náà, ẹ má gba iye tí ẹnikẹ́ni bá fẹnu sọ, àní tàwa pàápàá. Ojú ewé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kí ọmọ yín ti ka òfin wọn fún yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. Ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan ń fúnni ní náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Ẹ gbé blẹ́ńdà ₦30,000 sórí WhatsApp yín. Ogójì ènìyàn rí i, mẹ́wàá tẹ líǹkì, méjì ní àwọn ó rà á. Kọmíṣọ̀n orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,500, méjèèjì jẹ́ ₦3,000. Ó dára. Ẹ dúró ná. Ọ̀kan nínú wọn ní ìgbà tí ọjà bá dé ọwọ́ òun lòun á sanwó. Ọjà dé, ọkọ rẹ̀ ní kò sówó, wọ́n dá a padà. ₦1,500 ti lọ nìyẹn. Dátà tí ẹ rà lóṣù náà ńkọ́? ₦1,500 tó ṣẹ́kù, kò ní wọlé lọ́jọ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń dúró kí àsìkò tí ènìyàn lè dá ọjà padà kọjá, àwọn mìíràn kì í sì í san nǹkan kan títí owó yín á fi pé iye tí wọ́n là sílẹ̀. A kò sọ èyí láti já yín láyà. Ẹni tó ń ta iyọ̀ ní kóńgò mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ ó gba ₦200,000 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ béèrè pé èló lòun gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tó bá sì fi álẹ́ẹ̀tì hàn yín, ẹ má yára yọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ayédèrú álẹ́ẹ̀tì gba ọjà lọ́wọ́ yín mọ ohun tí à ń wí.

Ó dáa, ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ọjà tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ti ń ta ìkòkò láti ogún ọdún mọ èyí tó máa ń jó nídìí àti èyí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń já. Tó bá gbé líǹkì ìkòkò jáde, tó sì sọ pé èyí nípọn, èyí kò nípọn, àwọn ènìyàn á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ìyá yẹn kan náà bá gbé líǹkì kọ̀ǹpútà alágbèéká jáde lójijì, kí ló fẹ́ sọ nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀? Ẹ mú irú ọjà kan, ẹ dúró tì í fún bí oṣù mẹ́ta. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ra ọ̀kan lò fúnra yín, tàbí kí ẹ lọ wo èyí tí aládùúgbò yín rà, kí ẹ fọwọ́ kàn án. Àwòrán orí fóònù máa ń dán ju ọjà lọ.

Lẹ́yìn ọjà, ènìyàn ló kàn. Àwọn oníbàárà yín tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ yín, àwọn nìyẹn. Láti ọdún 2017 ni WhatsApp ti ní status tó ń jẹ́ kí ènìyàn gbé àwòrán sójú ewé fún ọjọ́ kan. Ẹ lò ó, torí ẹni tó fẹ́ ló máa ṣí i wò. Ẹ má máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí ènìyàn lóru, ẹ má sì máa dà á sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ tàbí ti asalátù láìgbàṣẹ. A ti rí ẹni tí wọ́n yọ kúrò nítorí ẹ̀.

Ẹ sọ òótọ́ fún ènìyàn yín pé tí wọ́n bá rà á, ẹ ó rí kọmíṣọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Federal Trade Commission ní dandan ni kí ẹni tó ń polówó ọjà báyìí sọ ọ́. Níbí, a kò ní dúró de ìjọba. Oníbàárà tó mọ̀ pé ẹ ń jẹ níbẹ̀ tó sì tún rà á, oníbàárà yín ni títí lọ. Èyí tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, á máa ronú pé kí ni ẹ tún fi pamọ́.

Òògùn ńkọ́? Ìpara tó ń bóra, àgbo ìsanra, kápúsù tó ní òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn lọ́sẹ̀ kan? Kọmíṣọ̀n orí wọn máa ń pọ̀, ìyẹn sì ni ìdẹkùn ibẹ̀. Tí nọ́ńbà NAFDAC kò bá sí lára ohun tí ènìyàn máa jẹ, tó máa mu, tó sì máa fi para, kò yẹ kí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa wà lára líǹkì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí, àwa kò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí rẹ̀.

Àkáǹtì tí owó máa wọlé sí, tí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tiyín, orúkọ tiyín ni kó wà. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ló ń ṣe wàhálà fóònù, kí ẹ̀yin méjèèjì sọ bí ẹ ó ṣe pín in láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjà ìyá àti ọmọ lórí ₦4,000 kò dùn ún gbọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní PIN, ẹ má sì ka nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín, nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ló nílò. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́, ọjà, iye tí ẹ ń retí, àti iye tó wọlé gan-an. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìwé yẹn á sọ fún yín bóyá kí ẹ tẹ̀síwájú tàbí kí ẹ padà sídìí ata yín.

Ẹ wá gbọ́ ti sogúndogójì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM tó ní òun á máa fi náírà ọgbọ̀n lé ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ti owó àwọn ènìyàn pa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX náà dojú dé. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn rántí bí àwọn tí inú ń bí ṣe ya wọ ọ́fíìsì wọn níbí tí wọ́n kó ohun tí wọ́n rí. Àwọn ètò méjèèjì yìí ń fún ènìyàn ní nǹkan tó bá mú ẹlòmíràn wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ affiliate lójú ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kí ẹ máa bi wọ́n kò ju méjì lọ: kí lẹ ń tà, ta ló sì ń lò ó? Nínú affiliate, kọmíṣọ̀n ń jáde láti inú èrè ọjà tí ẹnì kan rà tó sì gbé lọ sílé. Nínú sogúndogójì, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń fún ẹni tó ti wà níbẹ̀. Òfin tó ń jẹ́ Investments and Securities Act, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025, ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá gbé e kalẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó dúró sí àárín, òun ló ń da àwọn ọmọ wa láàmú jù. Wọ́n á ní kí ọmọ sanwó wọlé lọ́dọọdún, kó lè máa ta ẹ̀kọ́ orí fóònù. Ẹ̀kọ́ kan lè wúlò: bí a ṣe ń rán aṣọ, bí a ṣe ń ṣe kéèkì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tà ni bí a ṣe ń ta ẹ̀kọ́ náà, tí ẹni tó rà á náà tún ń lọ tà á fún ẹlòmíràn, kí ni wọ́n wá tà níbẹ̀? Láti ìdí ọjà la ti mọ̀ pé tí gbogbo ènìyàn bá ń tà tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ, ọjà yẹn á rà. Àwọn ojúlówó ilé iṣẹ́ tí a mẹ́nu bà lókè, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń forúkọ alárinà sílẹ̀. Ìwọ lo fẹ́ bá wọn tajà, kí nìdí tí wàá fi sanwó?

Èyí tó wù wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló kàn báyìí. Ṣé dandan ni ká máa ṣe alárinà fún ilé iṣẹ́ ńlá ni? Àwa náà ní ọjà! Ìyá kan láàrin wa tó ń ta áńkárá ti ń dán an wò láti bí ọdún kan. Ó mú ọmọbìnrin márùn-ún, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, A, B, D, E, títí lọ. Wọ́n á gba àwòrán aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, iye owó wà lára àwòrán, wọ́n á gbé e sórí status wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ìyá náà ló máa pè, á sì sọ lẹ́tà tó rí. Ìyá á kọ ọ́ sínú ìwé. Tí owó bá ti wọlé, tí aṣọ sì ti dé ọwọ́ oníbàárà nípasẹ̀ wébíìlì, ₦500 di ti ọmọ náà lórí ọ̀pá mẹ́fà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gbà á. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ affiliate gidi ni.

Kò lọ geerege o. Ní oṣù àkọ́kọ́, méjì nínú àwọn márùn-ún kò mú ẹyọ ẹnì kan wá. Ọ̀kan pa iye owó rẹ́ lára àwòrán, ó bu ₦1,000 lé e, ó ní kí oníbàárà san án sínú àkáǹtì òun. Ẹjọ́ náà dé ọ́fíìsì, a sì parí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara àwòrán. Àwọn ọmọ méjì tó ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí ń mú oníbàárà wá láti ìlú tí ìyá náà kò dé rí. Ó ní ohun tó yà òun lẹ́nu ni pé oníbàárà ń padà wá fúnra rẹ̀, òun sì tún ń fún ọmọ tó kọ́kọ́ mú un wá ní tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ò rí i pé ó ṣe ju Amazon lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀, kó kọ àdéhùn sínú ìwé kí ọmọ náà sì fọwọ́ sí i: èló ni kọmíṣọ̀n, ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbà á, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí oníbàárà bá dá aṣọ padà. Ẹ má ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, kò nílò ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n gan-an ló nílò rẹ̀ jù.

Sátidé kejì nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyá aláńkárá yìí àti àwọn ọmọ méjèèjì máa wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ láti fi ìwé wọn hàn wá, kí wọ́n sì kọ́ ẹni tó bá fẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi ní yí padà. Kò sí owó fọ́ọ̀mù. Ẹ mú ọmọ kan dání tó bá wà nílé. Ẹ gba iná sínú fóònù yín kí ẹ tó wá, ẹ mọ bí iná ọ́fíìsì wa ṣe rí. Káàdì ATM ní tirẹ̀, ẹ fi í sílé.